Ìwé Tuntun Ti Dé, Ta Ló Sọ fún Yín?

Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Nínú oṣù tó kọjá, mo fẹnu ba RSS, ọ̀nà tí ìkànnì fi ń kéde ohun tuntun, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìdáhùn tí mo fún ìyá kan tó ń wá ìwé oríkì. Lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ yẹn mú wá ju bí mo ṣe rò lọ, torí náà òun nìkan la ó fi ojú ewé yìí sọ lóṣù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ̀ mí, ọdún 31 ni mo lò ní ẹ̀ka kátálọ́ọ̀gì ní ilé-ìkàwé yunifásítì kan kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé tó bá wọlé, ọwọ́ wa ló ń gbà kọjá kó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dùn mí nígbà náà, tó ṣì ń dùn mí títí dòní, ni ìwé tó ti dé tí ẹni tó ń wá a kò mọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ìlú Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé. Ìtàn àwọn ìlú Yorùbá ni mò ń kó jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti lọ wo ìwé tuntun ní ilé-ìkàwé, nígbà mìíràn n kì í rí ẹyọ kan. Ọmọ àbúrò mi ní kí n lo RSS, pé òun ni yóò máa sọ fún mi. Kí ni nǹkan náà? Ṣé kò ní jẹ gbogbo dátà mi tán? — Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́*

Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ mọ̀. Ẹ ó rántí àtẹ kan tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìkàwé, tí a máa ń to ìwé tuntun sí kí a tó kó wọn lọ sórí pẹpẹ. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa ń pààrọ̀ tiwa. Àwọn olùkọ́ kan wà nínú ọgbà yunifásítì wa tí wọn kì í wọ ọ́fíìsì láì tíì yà síbẹ̀. Bí oṣù bá parí, a ó tún tẹ orúkọ gbogbo ìwé tó wọlé sórí sítẹ́ńsù, a ó fi ẹ̀rọ yí i, a ó sì pín in dé gbogbo ẹ̀ka. Tàdáwà rẹ̀ máa ń wà ní ìka mi di ọjọ́ kejì. Nígbà tó yá, owó bébà wọ́n, wọ́n ní ká dá ìwé ìkéde náà dúró. Àtẹ ẹnu ọ̀nà náà tẹ̀lé e, torí wọ́n fẹ́ fi kọ̀ǹpútà síbẹ̀.

Ọdún kejì tí a dá a dúró, ọkùnrin kan wá bá mi ní tábìlì. Ìlù dùndún ló ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ó dárúkọ ìwé kan, ó ní láti ọdún tó kọjá ni òun ti ń béèrè rẹ̀ káàkiri. Mo bá a dé ìdí pẹpẹ. Oṣù 14 ni ìwé náà ti wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bébà tí a máa ń lu ọjọ́ ìdápadà sí funfun báláú. Ó ti fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Kò bá mi jà. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín pẹpẹ méjì, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mo ń rí bí mo ṣe ń dá yín lóhùn yìí.

RSS ni ìwé ìkéde wa yẹn, tí kọ̀ǹpútà ń kọ fúnra rẹ̀. Fáìlì kékeré kan ni, tó wà lórí ìkànnì ilé-ìkàwé. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀: àkọlé ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, àti líǹkì tí yóò gbé yín dé ibi tí ìwé náà wà nínú kátálọ́ọ̀gì. Bí ìwé tuntun bá wọlé, ó bọ́ sókè fáìlì náà nìyẹn. Lọ́wọ́ tiyín, ẹ ó ní áàpù kan tí wọ́n ń pè ní rídà. Iṣẹ́ rídà ni láti máa lọ yẹ fáìlì náà wò, kó sì mú ohun tó bá jẹ́ tuntun wá fún yín. Ẹ kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-ìkàwé, ẹ kò fún wọn ní ímeèlì, ilé-ìkàwé kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń wá ìtàn Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀ṣà. Bó bá sú yín, ẹ pa á rẹ́.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì wa ló ń lo Koha báyìí. Koha ni ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú kátálọ́ọ̀gì wọn. Ilẹ̀ New Zealand ni wọ́n ti kọ ọ́ ní 1999, nígbà tí àwọn ilé-ìkàwé Horowhenua rí i pé ètò àtijọ́ tí wọ́n ń lò kò ní lè wọ ọdún 2000. Oṣù kìíní ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ àwọn Māori ni koha, ẹ̀bùn ló túmọ̀ sí, ẹ̀bùn náà sì dé ọ̀dọ̀ wa lóòótọ́.

Ohun tí ẹ ó ṣe kò le. Ẹ ṣí kátálọ́ọ̀gì ilé-ìkàwé tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì wá ohun tí ẹ fẹ́ bí ẹ ṣe ń wá a tẹ́lẹ̀. Bí èsì bá jáde, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti sọ iye ìwé tó rí. Àmì kékeré aláwọ̀ ọsàn kan wà níbẹ̀, àmì róbótó kan pẹ̀lú ìlà méjì tó tẹ̀ kọrọdọ lókè rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ní kí ẹ mú ẹ̀dà líǹkì, kí ẹ wá lọ lẹ líǹkì náà mọ́ inú rídà yín. Ó parí. Ohun tí ojú yín kò rí ni pé Koha ti tún èsì náà tò lábẹ́lẹ̀: ìwé tó wọlé kẹ́yìn ló wà lókè pátápátá, 50 ló sì ń kó jọ lẹ́ẹ̀kan. Ìbéèrè yín gan-an lẹ fi pa mọ́ sínú rídà. Gbogbo ìgbà tí rídà bá lọ, á tún ìbéèrè náà bi kátálọ́ọ̀gì, bíi pé ẹ wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá béèrè rẹ̀ lójúkojú.

Ní ti dátà, ẹ fọkàn balẹ̀. Fáìlì náà kò tó fọ́tò «ẹ kú àárọ̀» kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí ẹ bá lo rídà bíi Feedly tàbí Inoreader, kọ̀ǹpútà tiwọn ló ń lọ sí ilé-ìkàwé, fóònù yín kàn ń gba èyí tó jẹ́ tuntun ni. Bó bá jẹ́ Feeder lórí Android, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè sọ fún un pé kó má lọ àfi tí Wi-Fi bá wà.

Nǹkan kan péré, Bàbá: RSS ń sọ pé ìwé dé ni, kò bá yín dì í mú. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ tẹ líǹkì náà kí ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti yá a.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Mò ń ṣe Ph.D. lórí òwe. Mo tẹ «òwe» pẹ̀lú àmì ohùn sínú kátálọ́ọ̀gì, kò rí nǹkan kan. Mo yọ àmì kúrò, mo fi ṣe RSS, ni ìwé lórí gbèsè àti owó yíyá bá ń wọlé tọ̀ mí wá. Ṣé RSS tèmi ló bàjẹ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Ọmọ mi, RSS rẹ kò bàjẹ́. Kò gbọ́n ju ìbéèrè tí o fún un lọ. Kátálọ́ọ̀gì ni ká yẹ̀ wò, èmi tí mo sì wà lára àwọn tó kọ ọ́, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, káàdì la ń lò. Táípúráítà wa kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. A ó tẹ káàdì tán, a ó wá fi báírò to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ìsàlẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti òkè. Káàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà fún ìwé kan, torí orúkọ òǹkọ̀wé ní tirẹ̀, àkọlé ní tirẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Bí ìwé bá pọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn á fi àmì sí ti àkọlé, á fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà fún oṣù díẹ̀ ni wọ́n kó káàdì wọ̀nyẹn fún, ohun tí wọ́n sì bá lórí bọ́tìnnì ni wọ́n tẹ̀. Báyìí ni òwe ṣe di owe. Ọ̀wẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe fún ara wọn náà di owe. Òwé, àwọn èèyàn wa ní Kàbbà, di owe bákan náà. Gẹ̀ẹ́sì sì ní owe tirẹ̀, jíjẹ gbèsè ni. Ibẹ̀ ni gbèsè ti ń wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àmì tí o tẹ̀ lórí fóònù rẹ àti èyí tó wà nínú kátálọ́ọ̀gì lè jọra lójú kí wọ́n má jọra nínú ẹ̀rọ. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè, fún é ní ìjókòó tirẹ̀, ó fún ọ ní tirẹ̀, àmọ́ kò sí ìjókòó kan ṣoṣo fún ọ̀. Síso ni wọ́n ń so ó. Ẹnì kan á tẹ ọ, á gbé àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn á tẹ o lásán, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á tún fi tòkè sí i. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi ìlà kékeré tó dúró lóòró sí ìsàlẹ̀ dípò àmì róbótó, torí bẹ́ẹ̀ ni ìwé àtijọ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kátálọ́ọ̀gì tí wọ́n bá tò dáadáa ń ka gbogbo wọn sí ọ̀kan. Èyí tí wọn kò bá tò dáadáa á sọ fún ọ pé kò sí ìwé, nígbà tí ìwé wà.

Àkọtọ́ tún wà níbẹ̀. Òfin wa ni pé bí àkọlé bá ṣe wà lójú ewé ìwé náà la ó ṣe kọ ọ́, a kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú àkọtọ́ 1974 á máa kọ aiye, enia, ẹiyẹ, Oshogbo, Ilesha. Ìwọ tí o ń wá ayé kò ní rí aiye láéláé. Bí o bá fẹ́ máa gba ìwé àtijọ́ tí ilé-ìkàwé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà, bóyá látọ̀dọ̀ ẹbí olóògbé kan tó fi ìwé rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ, RSS méjì ni kí o ṣe, ọ̀kan fún àkọtọ́ àtijọ́, ọ̀kan fún tòde òní.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí o gbà gan-an rèé. Lọ wá ìwé kan lórí òwe Yorùbá tí o ti mọ̀, tí o mọ̀ pé ilé-ìkàwé yín ní. Ṣí i nínú kátálọ́ọ̀gì. Wo ìsàlẹ̀ orúkọ òǹkọ̀wé, o ó rí kókó ọ̀rọ̀ tí a kọ fún un. A kì í kọ ìyẹn bó ṣe wù wá. Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì ń mú un láti inú àkójọ tí Library of Congress ní Amẹ́ríkà ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Tìrẹ ni «Proverbs, Yoruba». Ẹni tó ń wá ewì á rí «Yoruba poetry», ẹni tó ń wá gírámà á rí «Yoruba language». Tẹ kókó ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ìwé tó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ á jáde, ibẹ̀ ni kí o ti mú RSS. Kò dùn mọ́ mi pé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì la fi ń wá òwe àwọn bàbá wa nínú ilé-ìkàwé tó wà lórí ilẹ̀ wọn. Ó yẹ ká tún un ṣe, èmi náà sì ti kọ̀wé lórí rẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ kí a tó tún un ṣe, kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ni ká fi ṣílẹ̀kùn.

Kọ́kọ́rọ́ kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù ú lọ: nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé. Nọ́ńbà kò ní àmì ohùn, kò ní àkọtọ́ àtijọ́. Ní ilé-ìkàwé tó bá ń lo ètò Library of Congress, ìwé èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá wà láàárín PL8821 sí PL8824, ìtàn àti àṣà wa ní Nàìjíríà sì wà ní DT515.45.Y67. Ní ilé-ìkàwé ìjọba àti ti ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lo Dewey, ètò nọ́ńbà mìíràn, èdè Yorùbá jẹ́ 496.333, lítíréṣọ̀ rẹ̀ jẹ́ 896.333. Ṣùgbọ́n òwe kì í sábà bá èdè gbé ilé kan náà: PN6519 ni kí o ti wá a ní ètò Library of Congress, 398.9 ní Dewey. Koha gbà kí o wá ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà yìí, kí o sì fi èsì rẹ̀ ṣe RSS. Fi ti kókó ọ̀rọ̀ àti ti nọ́ńbà sínú rídà rẹ pọ̀. Ohun tí ọ̀kan bá fò, èkejì á mú un. Pa ti «owe» rẹ́ lónìí.

*Ẹ̀gbọ́n wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ṣé RSS kò ti kú ni? Mo rántí ìgbà tí Google Reader kógbá sílé. N kì í rí àmì ọsàn yẹn mọ́ níbikíbi. — Ọ̀gbẹ́ni K., Abẹ́òkúta*

Rídà kan ló kú, Ọ̀gbẹ́ni K. Google Reader bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, wọ́n tì í ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2013, ó sì dun èmi náà torí ibẹ̀ ni gbogbo tèmi wà. Bí fẹ́ńdọ̀ ìwé ìròyìn àdúgbò yín bá ṣí lọ, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kò tì. Láti 1999 tí wọ́n ti ṣe RSS àkọ́kọ́ ní ilé-iṣẹ́ Netscape, kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣì wà. Ọmọ ọdún 14 ni Aaron Swartz nígbà tó bá wọn kọ ìlànà RSS 1.0 ní ọdún 2000. Àwọn podcast tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì lónìí, RSS ló ń gbé wọn dé fóònù.

Ní ti àmì ọsàn, òótọ́ lẹ sọ. Firefox, áàpù tí a fi ń ṣí ìkànnì, yọ ohun tó fi ń ka RSS kúrò ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ọ̀pọ̀ ìkànnì náà fi í pa mọ́. Fáìlì ṣì wà lábẹ́lẹ̀. Ẹ lẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà mọ́ inú rídà yín bó ṣe wà, rídà mọ bí wọ́n ṣe ń wá a.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ilé-ìkàwé polí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Koha la ń lò. Mo dán RSS wò, ìwé tí a rà lọ́dún yìí kò jáde, àwọn ìwé àtijọ́ ló ń gbé sókè. Ọ̀gá wa ní kí n fi í sílẹ̀, pé fọ́tò tí a ń gbé sórí WhatsApp ti tó. — Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun*

Àbúrò mi, inú mi dùn pé o dán an wò. Ọjọ́ ni ìṣòro yín. Koha ń to RSS pẹ̀lú ọjọ́ tí ìwé wọlé, ọjọ́ náà sì wà ní pápá 952, ẹ̀ka d. Bí ẹ bá ń kó ìwé àtijọ́ láti inú káàdì sínú Koha, tí ẹ kò sì fọwọ́ kan ẹ̀ka yẹn, ọjọ́ òní ló máa fi sí i fúnra rẹ̀. Ìwé 1978 á di ìwé tó dé láàárọ̀ yìí. Láàárín kan náà, àwọn ìwé tuntun tí ẹ rà ṣì wà nínú páálí lẹ́yìn tábìlì, tàbí kí wọ́n ti kọ àkọlé wọn sínú Koha láì tíì fún wọn ní nọ́ńbà báákóòdù àti ọjọ́. Mo mọ yàrá yẹn, mo mọ páálí yẹn. Ẹ fi ọjọ́ gidi sí ìwé àtijọ́, bí ẹ kò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ fi ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i. Kí ẹ sì máa ṣe ìwé tuntun ṣáájú ti àtijọ́. Ìwé tó ti dúró fún 40 ọdún lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, ẹni tó ń dúró de ìwé tuntun kò lè dúró.

Dán nǹkan kejì wò kí o tó bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Pa Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́ lórí fóònù rẹ, fi dátà tìrẹ ṣí kátálọ́ọ̀gì náà. Bí kò bá ṣí, á jẹ́ pé inú ọgbà nìkan ni wọ́n ti lè rí i, kò sì sí rídà kan tó máa lè wọlé láti ìta. Àwọn tó ń bójú tó íntánẹ́ẹ̀tì yín ni kí o lọ bá. Bí ẹ bá sì ń pa ẹ̀rọ tó gbé kátálọ́ọ̀gì nígbà tí iná bá lọ, ìyẹn kò ba nǹkan jẹ́. Rídà á padà wá nígbà tí iná bá dé, á sì bá ohun tó wà nílẹ̀.

WhatsApp kò burú, mo wà nínú ẹgbẹ́ bí i mẹ́fà. Ṣùgbọ́n fọ́tò ẹ̀yìn ìwé tí ẹ gbé síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìkíni ọjọ́ ìbí ti bò ó mọ́lẹ̀ kó tó di ọjọ́rú. Olùkọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ń rí ìwé ìṣirò owó, ti ìṣirò owó ń rí ti oúnjẹ ṣíṣe, ní ọjọ́ kan wọ́n á dẹ́kun wíwò. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Pẹ̀lú RSS, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó kọ ìwé sínú kátálọ́ọ̀gì, olúkúlùkù á sì gba kìkì ohun tó béèrè. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó jẹ́ kí o ṣe é fún ẹ̀ka kan ṣoṣo. Yan ẹ̀ka tí olórí rẹ̀ fẹ́ràn ìwé, jókòó tì í, bá a fi rídà sí fóònù rẹ̀, kí ẹ jọ yan kókó ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Jẹ́ kí ó lọ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

*Màmá, akéwì ni mí. Mo tẹ ìwé ewì Yorùbá jáde pẹ̀lú owó ara mi. Báwo ni tèmi ṣe lè wà nínú ohun tí RSS àwọn èèyàn ń mú wá? — Akéwìbìnrin, Ìjẹ̀bú-Òde*

Àfi kó kọ́kọ́ wọ kátálọ́ọ̀gì. Òfin National Library ti ọdún 1970 ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà kó ẹ̀dà 3 lọ fún wọn láàárín oṣù kan, ọ̀dọ̀ wọn náà lẹ sì ti ń gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lọ fún ilé-ìkàwé yunifásítì tó bá ń kọ́ni ní Yorùbá, kí ẹ má kàn fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń gba ìwé wọlé, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ bá wọn kọ orúkọ yín àti àkọlé náà sórí bébà pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

*Ẹ kú ilé, Mà. London ni mo wà. N kò lè dé ilé-ìkàwé Nàìjíríà, àmọ́ mo fẹ́ máa ka iṣẹ́ tuntun lórí Yorùbá. Ṣé RSS wúlò fún èmi náà? — Ọmọ Èkìtì kan, London*

Ó wúlò fún ọ ju ẹlòmíràn lọ, torí ìwọ á lè ka èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ láti ibi tí o jókòó sí. Àwọn yunifásítì tó ń kó iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ DSpace, tí yunifásítì MIT àti ilé-iṣẹ́ HP jọ gbé jáde ní 2002. DSpace ní RSS fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá tàn án. Jọ́nà ìwádìí tó pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà ló ń lo Open Journal Systems, tí wọ́n kọ ní Kánádà. Wo ẹ̀gbẹ́ ojú ewé wọn fún RSS tàbí Atom, ìlànà mìíràn tó jọ ọ́, èyíkéyìí nínú méjèèjì ni rídà rẹ á kà. Internet Archive, ilé-ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, náà ní RSS fún àwọn àkójọ rẹ̀, ìwé àtijọ́ lórí Yorùbá sì ń wọlé síbẹ̀ láti ilé-ìkàwé Amẹ́ríkà àti Kánádà. Bí o bá ti kó wọn jọ tán, sọ fún rídà rẹ kó fún ọ ní fáìlì OPML, orúkọ gbogbo RSS rẹ ló wà nínú rẹ̀. Tọ́jú rẹ̀ sí ibòmíràn. Èmi kò pàdánù ẹyọ kan nígbà tí Google Reader ń lọ, torí mo ti gba tèmi sílẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó jókòó sídìí lẹ́tà yín, nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rídà tèmi. Méjì jẹ́ ìwé gírámà tí mo ti ní. Ẹ̀kẹta jẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lórí àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ní Dada, n'Ílọrin. Mo mọ ìyá kan tó ti ń béèrè irú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo ti fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó sì ti pè mí padà.